Mariama Bâ àti Lẹ́tà Opó Láti Dakar

Lóṣù yìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tí kì í ṣe ará ìlú wa, tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ wa, tí kò sì gbọ́ èdè wa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ilé wa ju ti ọ̀pọ̀ ìbátan lọ. Mariama Bâ ni orúkọ rẹ̀. Ará Dakar ni, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹlẹ́sìn Ìmàle sì ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti kàwé mọ orúkọ náà, nítorí pé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Une si longue lettre, wà lára àwọn ìwé tí wọ́n ń kà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Àmọ́ ẹni tó bá kà á nítorí ìdánwò nìkan, kí ó tún un kà nígbà tí ó bá ti ní ọkọ tàbí aya. Yóò rí i pé ìwé mìíràn ni.

Ọdún 1929 ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà nínú agbo ilé ńlá. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà náà fẹ́ kí ọmọbìnrin mọ Kùránì, kí ó mọ ilé tọ́jú, kí ó mọ ọbẹ̀ sè. Ní tiwọn, ìwé Faransé díẹ̀ ti tó fún obìnrin. Bàbá rẹ̀ ni kò gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá náà, ó sì padà di ọ̀kan nínú àwọn mínísítà àkọ́kọ́ tí Sẹ̀nẹ̀gàl ní, òun ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìlera lé lọ́wọ́. Ó ní dandan ni kí ọmọ òun máa kàwé lọ. Báyìí ni Mariama ṣe ń lọ sí ilé-ìwé Faransé, tí àkókò ìsinmi bá sì dé, yóò lọ jókòó níwájú ààfáà láti kọ́ Kùránì.

Ní ọdún 1943 ó ṣe ìdánwò láti wọ École normale ti Rufisque, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti di olùkọ́. Kì í ṣe àwọn ọmọ Dakar nìkan ló ń ṣe ìdánwò yẹn. Gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà ni, títí kan Dahomey tiwa níhìn-ín. Mariama ni ó gba ipò kìíní nínú gbogbo wọn. Ọdún 1938 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, obìnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Germaine Le Goff ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọbìnrin láti Dahomey jókòó sí kíláàsì níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n bá àwọn ọmọ Guinea àti ti Côte d'Ivoire sùn nínú yàrá kan náà, wọ́n sì padà sílé wá kọ́ ọmọ. Mariama kò gbàgbé olùkọ́ àgbà yẹn. Nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó fi ìyìn fún un nínú rẹ̀, bí ọmọ tó mọ oore ṣe ń ṣe.

Ó gba ìwé-ẹ̀rí ní 1947, ó sì kọ́ ọmọ fún ọdún méjìlá. Àìlera ni ó mú un kúrò nínú kíláàsì, wọ́n wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò. Ó fẹ́ Obèye Diop, tó jẹ́ olóṣèlú, ó sì bí ọmọ mẹ́sàn-án. Ìgbéyàwó náà kò dúró, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ó wà nínú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, ó ń dìde sọ̀rọ̀, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nípa ohun tí ojú ìyàwó ń rí. Ọmọ mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ìjọba, ìpàdé ẹgbẹ́, ara tí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ mẹ́ta, tí ẹ ní ẹ kò ráyè ka ojú ewé kan, ẹ dákun ẹ ronú sí i.

Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, ní 1979. Nouvelles Éditions Africaines ni ó tẹ̀ ẹ́, ilé ìtẹ̀wé tó ní ọ́fíìsì ní Dakar, ní Abidjan, àti ní Lomé, nítòsí wa níbí. Ìwé náà kò nípọn. Ní 1980, àwọn ará Japan tó dá ẹ̀bùn Noma sílẹ̀ fún ìwé tí a tẹ̀ ní Áfíríkà fún un ní ẹ̀bùn náà, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́ ní ọjà ìwé ńlá tó wà ní Frankfurt, ní Jámánì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà. Wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn yẹn títí di 2009 kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ gbà á kò tíì pa rẹ́.

Kí ni ó wà nínú ìwé ọ̀hún? Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ramatoulaye ni ọkọ rẹ̀ kú lójijì. Modou ni orúkọ ọkọ náà, àìsàn ọkàn ni ó pa á lẹ́nu iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin Ìmàle, opó gbọ́dọ̀ jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú ìjókòó yẹn ni ó mú ìwé àjákọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí Aïssatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ìwé náà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni.

Ṣé ọkọ rere ni Modou? Ọdún márùn-ún ṣáájú kí ó tó kú, ó ti fi Ramatoulaye àti ọmọ méjìlá sílẹ̀ lọ fẹ́ Binetou, ọmọdébìnrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ àgbà, tó máa ń wá sílé wá kàwé pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà gan-an, ìmáàmù, ẹ̀gbọ́n ọkọ, àti ọ̀rẹ́ ọkọ wọlé wá pẹ̀lú aṣọ ńlá. Ramatoulaye rò pé wọ́n wá túfọ̀ ni. Wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ po, títí wọ́n fi sọ pé Modou ti fẹ́ ìyàwó kejì lónìí. Ó sì ní láti rẹ́rìn-ín, kí ó dúpẹ́, kí ó fún wọn lómi mu. Ibi yìí ni a ti máa ń fi ìwé náà sílẹ̀ díẹ̀ kí a tó máa bá a lọ.

Ìyá Binetou ni ó ti ọmọ náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó fẹ́ kúrò nínú òṣì. Wọ́n yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, Modou sì ń san 50.000 franc fún un lóṣooṣù, owó ńlá ní ìgbà yẹn. Ó gbé ìyá ìyàwó lọ sí Mẹ́kà. Ó yá owó ní báńkì láti ra ilé fún ìyàwó tuntun, ó sì fi ilé tí Ramatoulaye ń gbé dógò, ilé tí tọkọtìyàwó jọ kó owó ra, ṣùgbọ́n tí orúkọ ọkọ nìkan wà lórí ìwé rẹ̀. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin obìnrin tó ń dá owó pọ̀ mọ́ ti ọkọ láti kọ́lé.

Aïssatou ní tirẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ìran tí àwọn kan ń fojú kéré níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ka ara rẹ̀ sí ọmọ ọba, kò fẹ́ ẹ rí. Ó lọ mú ọmọdébìnrin kan láti ìdílé rẹ̀, ó tọ́ ọ, ó kọ́ ọ níṣẹ́ agbẹ̀bí, ó sì fi í fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti fẹ́. Aïssatou kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kọ ìwé sílẹ̀ fún ọkọ, ó kó ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lọ. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó di ògbufọ̀, ó sì ríṣẹ́ ní ilé aṣojú ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ní Amẹ́ríkà. Òun náà ni ó ra mọ́tò fún Ramatoulaye nígbà tí ó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun àti àwọn ọmọ ń bá èrò du ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà méjì rèé, ọ̀kan lọ, ọ̀kan dúró. Mariama kò dá ẹnì kankan lẹ́jọ́ nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ kúrò nílé ọkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ni ó fi sọ ìtàn. Ó dára lójú wa bẹ́ẹ̀. Ìbá rọrùn fún un láti fi ìwé gbèjà ara rẹ̀.

A gbọ́ tí àwọn kan nínú ìjọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ Ìmàle ni èyí, pé àwa tí a ṣe ìgbéyàwó níwájú pẹpẹ, aya kan, ọkọ kan, kò kàn wá. Ẹ jọ̀wọ́ o. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní deuxième bureau ní Kútọnù àti ní Lomé? Ìyàwó tí a kò gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí a gba ilé fún ní àdúgbò mìíràn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń yọjú ní ọjọ́ ìsìnkú, tí ojú gbogbo ilé yóò sì là. Ó kéré tán, wọ́n wá sọ fún Ramatoulaye, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bọ́ sórí. Àwọn ìyá mìíràn wà láàárín wa, lẹ́bàá pósí ni wọ́n ti gbọ́ tiwọn.

Àwa kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀ sí. Tiwa yàtọ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa jókòó opó bí wọ́n ṣe ń jókòó rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Kò lọ sí ọjà, kò lọ sí oko, aṣọ dúdú kan náà ni lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wá, a sì pín ara wa kí ẹnì kan lè máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́. Ìyá wa kò gbọ́ Faransé. Àbúrò wa tó kéré jù ni ó mú ìwé Mariama Bâ wá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Òun yóò kà á ní Faransé, àwa àgbà yóò sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìyá wa yóò na ẹsẹ̀ sórí ẹní, yóò máa dáhùn bí ẹni pé Ramatoulaye wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn àna ti ń ka owó tí àwọn èèyàn mú wá síbi òkú, tí wọ́n sì ń pín in fún ìyàwó méjèèjì dọ́gbadọ́gba, ìyàwó ọgbọ̀n ọdún àti ìyàwó ọdún márùn-ún, ó ní, "Ṣé àwọn ará ilé bàbá yín ni wọ́n ti lọ sí Dakar ni?"

A rò pé Aïssatou ni yóò fẹ́ràn. Rárá o. Ó ní Aïssatou ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ni ó fi lọ. "Bí ẹ bá fún èmi ní ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ẹ fún mi ní igbá àkàsà lọ́wọ́ òsì, Amẹ́ríkà wo ni mo fẹ́ lọ?" Lórí Ramatoulaye pẹ̀lú, ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó ní obìnrin náà ń sunkún, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n owó oṣù ń wọlé. A bá a jiyàn títí. Ní tòótọ́, ohun tí ìyá wa sọ yìí kì í ṣe ohun tí a gbọ́ rí ní ilé-ìwé, níbi tí wọ́n ti máa ń bi wá ta ni ó gbọ́n jù nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹni tó bi wá iye tó wà nínú àpò wọn.

Ibì kan wà tí ìyá wa kò rí ọ̀rọ̀ sọ sí. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Tamsir, ẹ̀gbọ́n Modou, wá bá Ramatoulaye, àwọn méjì tó bá a wá ní ìjelòó náà ló tún tẹ̀lé e. Ó ní bí ó bá ti kúrò nínú opó, òun yóò fẹ́ ẹ. Kò béèrè, ńṣe ni ó ń sọ fún un. Ẹ mọ̀ ọ́n, opó ni ó fẹ́ ṣú. Ramatoulaye, tó ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, dìde, ó sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un: àwọn ìyàwó tí Tamsir ti ní nílé tí kò lè bọ́, àti pé òun kì í ṣe ẹrù tí a ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àbúrò wa ka ibẹ̀ tán, ìyá wa ní kí ó tún un kà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a lọ sùn.

A mọ ìdí rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ bàbá wa, àgbà mẹ́ta láti ilé bàbá wa wọlé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà, àbúrò bàbá wa kan wà láàárín wọn. Wọ́n kí i, wọ́n jẹ obì, wọ́n pa òwe. Ó wá yé wa pé ẹni tó bá ṣú opó náà ni oko ọ̀pẹ bàbá wa yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ìyá wa kúnlẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú. Ọkọ kan ni mo bá dé iwájú pẹpẹ, òun ni mo sì sin. Nínú ilé yìí ni n ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ jẹ́ kí n máa ká ẹyìn tí ọkọ mi gbìn." Kò gbé ohùn sókè bíi Ramatoulaye. Kò dárúkọ ìwé kankan. Àbúrò bàbá wa dìde kí àwọn tó kù tó dìde.

Ọ̀rọ̀ oko náà kò tíì parí. Ìpàdé ẹbí mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀. Òfin ìdílé tí Benin gbé jáde ní 2004 kò mọ̀ ju ìyàwó kan lọ, ó sì fún opó ní ìpín nínú ogún ọkọ rẹ̀. A ti sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ìyá wa ṣì ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú Mariama Bâ, lórí Daouda Dieng. Ọkùnrin rere ni ọ̀gbẹ́ni yìí nínú ìwé náà, ó ti fẹ́ràn Ramatoulaye láti ìgbà èwe, ó sì padà wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fẹ́ òun. Ramatoulaye kọ̀, nítorí pé ó ní ìyàwó nílé, àti pé òun ti mọ bí ó ṣe ń dun ìyàwó ilé. Ìyá wa ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó fún ọkùnrin náà ní oúnjẹ jẹ kí ó tó lọ. Àwa ní tiwa rò pé ibẹ̀ ni ìwé náà ti ga jù. Ó rọrùn láti lé Tamsir, ó ṣòro láti kọ ẹni rere nítorí obìnrin mìíràn tí kò ní mọ̀ láéláé pé o ṣe é lóore.

Ìwé náà rìn jìnnà. Ní 1981 ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Modupé Bodé-Thomas ni ó túmọ̀ rẹ̀, orúkọ tí kò ṣòro fún wa láti mọ ibi tó ti wá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan wà ní erékùṣù Gorée, níwájú Dakar, tó ń jẹ́ orúkọ Mariama Bâ. Òun fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láti jẹ adùn náà. Àrùn jẹjẹrẹ mú un, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ọmọ ọdún 52, kí ìwé rẹ̀ kejì, Un chant écarlate, tó jáde. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl kan tó ń jẹ́ Ousmane ni ìwé kejì yìí dá lé, ó fẹ́ Mireille, ọmọ aṣojú ìjọba Faransé, lòdì sí ìfẹ́ àwọn òbí méjèèjì. Ó gbé e wá sí Dakar, ó sì tún lọ fẹ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ burú gidigidi. A kò ní sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì kà á.

Nígbà tí a sọ fún ìyá wa pé obìnrin náà ti kú, ó béèrè iye ọmọ tó fi sílẹ̀. A ní mẹ́sàn-án. Ó ní kí Olúwa fún un ní ìsinmi, ó sì béèrè bóyá ìwé mìíràn wà. Ìwé kejì ni a ń kà báyìí lálẹ́. Yaye Khady, ìyá Ousmane, máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ wọlé láàárọ̀ láìkàn án, kí ó lè mú ìyàwó òyìnbó bínú. Ìyá wa, tó ní àna ọkùnrin méjì àti ìyàwó ọmọ kan, ń gbè é lẹ́yìn gidigidi.